Yíyọ Fọ́ńṣọ̀n Ààbò Mẹ́mórì Tí Kò Níṣẹ́ Mọ́ Kúrò Nínú Kẹ́nẹ́ẹ̀lì Linux

Fóònù Android tó wà lọ́wọ́ wa láti Èkó dé Kútọnu, kẹ́nẹ́ẹ̀lì Linux ló wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá tí íntánẹ́ẹ̀tì gbára lé. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì ni sọ́fútíwíà tó wà lábẹ́ gbogbo ìyókù: òun ló ń pín mẹ́mórì, òun ló ń sọ prógíráàmù tó kàn láti lo pírósẹ́sọ̀, òun ló ń bá díìsìkì, kámẹ́rà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo wọn. Olè tó bá ráyè wọ kẹ́nẹ́ẹ̀lì ti gba gbogbo ẹ̀rọ náà pátápátá. Ìdí nìyẹn tí kẹ́nẹ́ẹ̀lì fi ń dáàbò bo mẹ́mórì ti ara rẹ̀ náà, kì í ṣe ti àwọn prógíráàmù tó ń tọ́jú nìkan.

Àwọn fọ́ńṣọ̀n kan ló ń ṣe iṣẹ́ ààbò yìí. Èyí tó ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan síbí mọ́ wà, èyí tó ń sọ pé ibẹ̀ ti di kíkọ padà náà wà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Ẹnì kan nílò irú kan lónìí, ó kọ ọ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹlòmíì rí ọ̀nà tó dára jù, fọ́ńṣọ̀n àkọ́kọ́ kò níṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Nínú kóòdù mìíràn, irú àṣẹ́kù bẹ́ẹ̀ kò ju pàǹtí lọ. Nínú ààbò mẹ́mórì, ewu ni. Ilé tí a rọ kọ́kọ́rọ́ mẹ́wàá fún, tí mẹ́fà nínú àwọn tí a fún ti kó jáde tí a kò gbà á padà lọ́wọ́ wọn, bó ti wù kí àgádágodo rẹ̀ lágbára tó, onílé kò lè fọkàn balẹ̀ sùn. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí àwọn fọ́ńṣọ̀n wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń di àṣẹ́kù, àti bí a ṣe ń yọ wọ́n láìba nǹkan jẹ́.

Nígbà tó bá kan ìyọ̀ǹda, pírósẹ́sọ̀ kì í wo mẹ́mórì ní báìtì kọ̀ọ̀kan. Ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ló ń wò. Lórí pírósẹ́sọ̀ x86 bíìtì 64 ti Intel àti AMD, báìtì 4096 ló máa ń wà nínú ojú-ewé kan. Ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé atọ́ka tí kẹ́nẹ́ẹ̀lì ń kọ tí pírósẹ́sọ̀ sì ń kà, ìlà náà sì gùn tó bíìtì 64. Bíìtì 0 ń sọ bóyá ojú-ewé náà wà níbẹ̀ rárá. Bíìtì 1 ń sọ bóyá a lè kọ nǹkan sí i. Bíìtì 2 ń sọ bóyá prógíráàmù lásán lè fọwọ́ kàn án, àbí kẹ́nẹ́ẹ̀lì nìkan ló ni ín. Bíìtì 63, tó wà lókè pátápátá, ló ń ka pírósẹ́sọ̀ léèwọ̀ pé kò gbọdọ̀ mú ohun tó wà lójú-ewé náà bí àṣẹ tí yóò tẹ̀ lé.

Bíìtì tó kẹ́yìn yìí pẹ́ kó tó dé. AMD ló kọ́kọ́ gbé e wá pẹ̀lú Opteron lọ́dún 2003, Intel sì tẹ̀ lé e lọ́dún 2004. Ṣáájú ìgbà náà, ojú-ewé tí x86 bá lè kà, ó lè mú un ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fi dátà ránṣẹ́ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó sì rí àṣìṣe kan tó lè fi darí pírósẹ́sọ̀ síbi tí dátà náà wà, dátà rẹ̀ ti di àṣẹ nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe PaX, àtúnṣe ààbò kan fún Linux, ti ń wá ọ̀nà àbáyọ sí i láti ọdún 2000, àwọn tó ń ṣe OpenBSD, tó jẹ́ ẹgbẹ́ Linux, sì sọ ọ́ di òfin fún prógíráàmù wọn lọ́dún 2003, tí wọ́n pè é ní W^X. Òfin náà kò gùn: ojú-ewé tí a lè kọ nǹkan sí, a kò gbọdọ̀ lè mú un ṣiṣẹ́, èyí tí a lè mú ṣiṣẹ́, a kò gbọdọ̀ lè kọ nǹkan sí i.

Bí a bá mú òfin yìí wá sínú kẹ́nẹ́ẹ̀lì, mẹ́mórì rẹ̀ á pín sí mẹ́ta. Kóòdù rẹ̀ á di èyí tí a lè kà tí a sì lè mú ṣiṣẹ́. Àwọn iye tí kì í yí padà á di kíkà nìkan. Ìyókù, tí í ṣe dátà tó ń yí padà, á di kíkà àti kíkọ, ṣùgbọ́n kò ní ṣeé mú ṣiṣẹ́ láé. Ní Linux, fọ́ńṣọ̀n kan tó ń jẹ́ mark_rodata_ro ló máa ń fi èdìdì sí i nígbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn tán. Fún ìgbà pípẹ́, ẹni tó ń kọ́ kẹ́nẹ́ẹ̀lì ló máa pinnu bóyá òun fẹ́ ẹ tàbí òun kò fẹ́. DEBUG_RODATA ni orúkọ àṣàyàn náà. Lọ́dún 2016, Kees Cook, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ kóòdù kẹ́nẹ́ẹ̀lì, mú àṣàyàn náà kúrò lórí x86, ààbò náà sì di dandan. Lọ́dún 2017, Laura Abbott yí orúkọ rẹ̀ padà sí STRICT_KERNEL_RWX fún àwọn pírósẹ́sọ̀ gbogbo. Èmi ka ìgbésẹ̀ Cook yẹn mọ́ ìmọ́tótó, ìyẹn yíyọ àṣẹ́kù, tí à ń sọ yìí: àṣàyàn tí kò sí ìdí rere tí ẹnikẹ́ni fi gbọdọ̀ kọ̀ ọ́, kò yẹ kó jẹ́ àṣàyàn.

Yíyí bíìtì kan padà nínú ìwé atọ́ka rọrùn. Ohun tó tẹ̀ lé e ni kò rọrùn. Pírósẹ́sọ̀ kì í padà lọ ka ìwé atọ́ka ní gbogbo ìgbà, nítorí pé yóò fà á sẹ́yìn; ó ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn ìlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lò síbi kékeré kan nínú ara rẹ̀, tí à ń pè ní TLB. Bí kẹ́nẹ́ẹ̀lì bá yí ìyọ̀ǹda padà nínú ìwé atọ́ka, ẹ̀dà àtijọ́ ṣì lè wà nínú TLB, pírósẹ́sọ̀ yóò sì máa tẹ̀ lé e bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Nítorí náà kẹ́nẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo pírósẹ́sọ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró, kó nu ẹ̀dà rẹ̀ nù, kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà ńlá tó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ pírósẹ́sọ̀, owó ńlá lèyí lójú iṣẹ́.

Ìnáwó kejì tún wà. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì sábà máa ń to mẹ́mórì rẹ̀ ní ojú-ewé ńlá tó jẹ́ mẹ́gábáìtì 2, kí ìlà kan ṣoṣo nínú TLB lè gbé ohun púpọ̀. Bí a bá wá fẹ́ yí ìyọ̀ǹda báìtì 4096 péré padà láàárín rẹ̀, kẹ́nẹ́ẹ̀lì ní láti fọ́ ojú-ewé ńlá náà sí kéékèèké 512. Èyí ń gba mẹ́mórì fún ìwé atọ́ka tuntun, ó sì ń dín ìyára ẹ̀rọ kù lẹ́yìn náà. Ẹ fi àwọn ìnáwó méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí pé fọ́ńṣọ̀n tí a pè lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó yẹ ká pè é lẹ́ẹ̀kan, ìlọ́po méjì irú ìnáwó yìí ló ń fà.

Ìran fọ́ńṣọ̀n tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú set_memory. set_memory_ro ń sọ ojú-ewé di kíkà nìkan, set_memory_rw ń dá kíkọ padà. set_memory_x ń gbà kí a mú un ṣiṣẹ́, set_memory_nx ń kọ̀. A ó fún un ní àdírẹ́sì ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ àti iye ojú-ewé, ó parí. Ọdún 2008 ni wọ́n wọ Linux, àwọn fúnra wọn sì wá rọ́pò ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀. Fọ́ńṣọ̀n kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ change_page_attr. Ẹni tó bá pè é ló máa kó gbogbo bíìtì ìyọ̀ǹda jọ fúnra rẹ̀, òun náà ló sì máa rántí pe global_flush_tlb lẹ́yìn rẹ̀ kí TLB lè di nínù. Ẹni tó bá gbàgbé, ààbò rẹ̀ wà nínú ìwé lásán. Ọgbọ́n tí wọ́n lò lọ́dún 2008 ni pé kí fọ́ńṣọ̀n sọ ohun tí a fẹ́, kó sì parí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ láìfi nǹkan kan sílẹ̀ fún ìrántí ènìyàn.

Ọgbọ́n rere náà wá bí ọmọ púpọ̀ jù. Irú kan wà tó ń gba àdírẹ́sì, òmíràn ń gba ojú-ewé fúnra rẹ̀, òmíràn ń gba àwọn ojú-ewé tí a tò jọ nínú àkójọ. Lọ́dún 2019, Christoph Hellwig gba inú wọn kọjá lórí x86. set_pages_x àti set_pages_nx kò ṣe ju pé wọ́n ń yí ojú-ewé sí àdírẹ́sì, kí wọ́n tó pe set_memory_x tàbí set_memory_nx. Ó yọ wọ́n. set_memory_wt kò ní ẹni tó ń pè é rárá; ó yọ ọ́. Àwọn set_memory_array náà lọ. Ó tún ṣe ohun kan tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ: ó gba set_memory_x àti set_memory_nx kúrò lọ́wọ́ mọ́dúùlù. Láti ìgbà náà, kóòdù tí a kó wọ kẹ́nẹ́ẹ̀lì láti ìta kò lè pe àwọn méjèèjì yìí ní tààrà mọ́. Àwọn fọ́ńṣọ̀n náà ṣì wà fún kẹ́nẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n iye àwọn tó lè lò wọ́n ti dín kù gan-an.

Èyí tó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ, lójú tèmi, ni ti ftrace. ftrace ni irinṣẹ́ tí a fi ń wo fọ́ńṣọ̀n tí kẹ́nẹ́ẹ̀lì ń pè nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Bó ṣe ń ṣe é ni pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ fọ́ńṣọ̀n nínú kẹ́nẹ́ẹ̀lì ní àyè báìtì 5. Nígbà tí a kò bá wo nǹkan kan, àṣẹ tí kì í ṣe ohunkóhun ló wà ní àyè náà. Nígbà tí a bá fẹ́ wo fọ́ńṣọ̀n kan, ftrace yóò pààrọ̀ báìtì 5 wọ̀nyẹn sí àṣẹ tó ń pe ftrace fúnra rẹ̀. Èyí já sí pé ftrace ń tún kóòdù kẹ́nẹ́ẹ̀lì kọ lójú iṣẹ́. Kóòdù náà sì rèé, a ti sọ ọ́ di kíkà nìkan.

Ojútùú àkọ́kọ́ tí wọ́n lò ni fọ́ńṣọ̀n méjì, set_kernel_text_rw àti set_kernel_text_ro, pẹ̀lú ìkejì wọn fún mọ́dúùlù, set_all_modules_text_rw àti set_all_modules_text_ro. Kí ftrace tó bẹ̀rẹ̀ àtúnkọ, yóò sọ gbogbo kóòdù kẹ́nẹ́ẹ̀lì di èyí tí a lè kọ nǹkan sí. Lẹ́yìn tó bá parí, yóò dá a padà. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì. Kóòdù náà kò dẹ́kun iṣẹ́, nítorí kẹ́nẹ́ẹ̀lì kò lè sùn. Nítorí náà gbogbo kóòdù kẹ́nẹ́ẹ̀lì, àti ti mọ́dúùlù gbogbo, di èyí tí a lè kọ tí a sì lè mú ṣiṣẹ́ nígbà kan náà, lórí gbogbo pírósẹ́sọ̀. Nítorí báìtì 5 níbí àti báìtì 5 lọ́hùn-ún, wọ́n ṣí ohun gbogbo sílẹ̀. Àkókò náà kúrú, lóòótọ́, ṣùgbọ́n olè tó ti wà nínú ẹ̀rọ kò nílò ju àkókò kúkúrú lọ, pàápàá bó bá lè dá ftrace sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ṣí àyè náà.

Ọ̀nà mìíràn ti wà nínú kẹ́nẹ́ẹ̀lì fún irú iṣẹ́ yìí: text_poke. Ó gba ojú-ewé tí a fẹ́ tún kọ, ó sì fi í hàn ní àdírẹ́sì kejì, níbi tí kíkọ ti ṣeé ṣe. Àdírẹ́sì àkọ́kọ́, tí pírósẹ́sọ̀ ti ń mú kóòdù náà ṣiṣẹ́, kò yí padà rárá. Kíkà àti ṣíṣiṣẹ́ nìkan ló ṣì gbà. Lọ́dún 2019, Nadav Amit mú un dára sí i: ó mú kí àdírẹ́sì kejì náà wà nínú ìwé atọ́ka onígbà díẹ̀ tí pírósẹ́sọ̀ kan ṣoṣo ń lò, tí a sì ń wó palẹ̀ gẹ́rẹ́ tí kíkọ bá parí. Àwọn pírósẹ́sọ̀ yòókù kò mọ̀ pé irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ wà rí.

Ó tún kù kí pírósẹ́sọ̀ mìíràn má ṣe bá àṣẹ tí a kọ dé ìdajì pàdé. Fún èyí, kẹ́nẹ́ẹ̀lì yóò kọ́kọ́ kọ báìtì kan, 0xCC, sí ìbẹ̀rẹ̀ àṣẹ náà. Báìtì yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ àṣẹ tó pé, tó ń dá pírósẹ́sọ̀ dúró tó sì ń darí rẹ̀ gba ọ̀nà àbùjá. Lẹ́yìn tí gbogbo pírósẹ́sọ̀ bá ti rí i, a ó kọ báìtì 4 tó kù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tún ti rí ìyẹn, a ó wá fi báìtì àkọ́kọ́ gan-an rọ́pò 0xCC. Kò sí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni lè bá àṣẹ àbọ̀ pàdé.

Láàárín ọdún 2019 sí 2020, Peter Zijlstra gbé ftrace ti x86 kúrò lórí ọ̀nà àtijọ́ bọ́ sórí text_poke. Kò parí iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ftrace kò pe set_kernel_text_rw mọ́, ó yọ ọ́ àti ìkejì rẹ̀ kúrò ní x86. Ó sì yọ àwọn set_all_modules_text pẹ̀lú. Ká ní ó dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ftrace ti kúrò lórí wọn, kẹ́nẹ́ẹ̀lì ìbá ṣì ní fọ́ńṣọ̀n kan tó jẹ́ pé ìpè kan ṣoṣo sí i ló máa pa ààbò gbogbo kóòdù run, tó ń dúró de ẹni tó máa pè é. Ibi tí iṣẹ́ náà ti parí ni ibi tí fọ́ńṣọ̀n náà ti parẹ́.

Ẹnì kan lè bi mí pé ta ni yóò pè é, nígbà tí kò sí kóòdù kankan nínú kẹ́nẹ́ẹ̀lì tó ń pè é. Ìdáhùn ni pé olè kì í kọ kóòdù tirẹ̀ wọ inú kẹ́nẹ́ẹ̀lì mọ́, nítorí W^X kò gbà á láyè; kóòdù tó bá nílẹ̀ ló ń lò. Bó bá ti lè darí pírósẹ́sọ̀ sí àdírẹ́sì tó wù ú, yóò yan fọ́ńṣọ̀n tó ti wà nínú kẹ́nẹ́ẹ̀lì, yóò fi iye tó fẹ́ sí i, yóò sì jẹ́ kí kẹ́nẹ́ẹ̀lì fọwọ́ ara rẹ̀ tú ààbò ara rẹ̀. Èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Àwọn kan lo fọ́ńṣọ̀n native_write_cr4, tó ń kọ nǹkan sí ibi ìdarí CR4 nínú pírósẹ́sọ̀, láti pa SMEP àti SMAP, ìyẹn ààbò tí kì í jẹ́ kí kẹ́nẹ́ẹ̀lì mú kóòdù prógíráàmù lásán ṣiṣẹ́ tàbí fọwọ́ kan dátà rẹ̀ láìnídìí. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì nílò fọ́ńṣọ̀n náà, kò sì ṣeé yọ. Nítorí náà lọ́dún 2019, Linux 5.3 mú un le: bí ẹ̀rọ bá ti tàn tán, fọ́ńṣọ̀n náà fúnra rẹ̀ yóò wò ó bóyá àwọn bíìtì ààbò wọ̀nyẹn ṣì wà níbẹ̀, bí kò bá rí wọn yóò dá wọn padà. Èyí tí a kò lè yọ, a máa ń ṣọ́ ọ. Èyí tí a lè yọ, kí ni a fẹ́ máa ṣọ́ ọ fún?

Àṣẹ́kù mìíràn ń wá láti ibi tí a ti ń dá mẹ́mórì padà. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì máa ń gba mọ́dúùlù wọlé, ó sì máa ń yí prógíráàmù BPF, ìyẹn prógíráàmù kéékèèké tí a ń fi ránṣẹ́ sínú kẹ́nẹ́ẹ̀lì, sí kóòdù pírósẹ́sọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mẹ́mórì àwọn méjèèjì ni a ń sọ di kíkà àti ṣíṣiṣẹ́. Nígbà tí a kò bá fẹ́ wọn mọ́, a ní láti dá ìyọ̀ǹda padà sí bó ti wà, kí ojú-ewé náà tó padà sínú àpò gbogboogbò. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá ń dá a padà ló ń ṣe èyí fúnra rẹ̀. BPF ní fọ́ńṣọ̀n ìtúsílẹ̀ tirẹ̀, bpf_prog_unlock_ro. Mọ́dúùlù náà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé, tàbí tó tò wọ́n lódìlódì tó dá kíkọ padà kó tó gba ṣíṣiṣẹ́ kúrò, ti dá àyè W+X sílẹ̀, ìyẹn ojú-ewé tí a lè kọ tí a sì lè mú ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni vfree, fọ́ńṣọ̀n tó ń gba mẹ́mórì náà padà, máa ń fi nínu TLB falẹ̀ láti fi tọ́jú ìyára. Ojú-ewé lè ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì kí ẹ̀dà àtijọ́ tó parẹ́.

Lọ́dún 2019 kan náà, Rick Edgecombe fi àmì kan sí mẹ́mórì irú èyí: VM_FLUSH_RESET_PERMS. Bí vfree bá rí àmì náà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá ìyọ̀ǹda padà, yóò nu TLB lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó tó jọ̀wọ́ ojú-ewé náà. Bó ti wọlé báyìí, àwọn ibi tí wọ́n ti ń pe set_memory_rw kí wọ́n tó dá mẹ́mórì padà di aláìníṣẹ́, wọ́n sì yọ wọ́n, bpf_prog_unlock_ro pẹ̀lú. Lọ́dún 2020, Josh Poimboeuf àti Zijlstra yọ module_disable_ro náà, nígbà tí livepatch, tó ń tún kẹ́nẹ́ẹ̀lì ṣe láìpa ẹ̀rọ, kò nílò rẹ̀ mọ́.

Irú kejì tó fara pẹ́ ẹ kéré, ṣùgbọ́n ibi púpọ̀ ló wà. Káàkiri kẹ́nẹ́ẹ̀lì, ẹni tó bá fẹ́ gbé kóòdù tuntun kalẹ̀ ń pe set_memory_ro, lẹ́yìn náà set_memory_x. Ìpè méjì, rírìn nínú ìwé atọ́ka lẹ́ẹ̀mejì, nínu TLB lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹnì kan bá sì ṣèèṣì fi x ṣáájú ro, àyè W+X ti là. Ní ìparí ọdún 2022, Zijlstra kó méjèèjì pọ̀ sí set_memory_rox, tó wọ Linux 6.2. Lórí x86, ẹ̀ẹ̀kan ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, kò sì sí ìtòlẹ́sẹẹsẹ kankan tí ènìyàn lè ṣì. Ní àkókò kan náà, wọ́n mú kí kóòdù x86 tó ń yí ìyọ̀ǹda padà máa pariwo bó bá rí i pé ẹnì kan ń bèèrè kíkọ àti ṣíṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kó kọ̀ fún onítọ̀hún pátápátá, ṣùgbọ́n wọ́n dẹ̀ ẹ́ sí ìkìlọ̀ lásán. Mo gbà pé ìpinnu náà tọ́ fún ìgbà yẹn: ààbò tí kò jẹ́ kí ẹ̀rọ tàn, àwọn ènìyàn yóò pa á.

Báwo wá ni a ṣe ń yọ irú fọ́ńṣọ̀n bẹ́ẹ̀? Àkọ́kọ́ ni pé a ó wá gbogbo ẹni tó ń pè é. git grep, irinṣẹ́ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú kóòdù, ni ọ̀pọ̀ ń lò, ó sì dára, ṣùgbọ́n kò tó. Mákírò kan lè so orúkọ méjì pọ̀ láti dá orúkọ fọ́ńṣọ̀n sílẹ̀, git grep kò sì ní rí i. Fáìlì tí a fi èdè asẹ́ḿbílì kọ lè pè é. x86, arm64, RISC-V, s390 àti powerpc, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe kọ set_memory tirẹ̀. Ohun tó jẹ́ àṣẹ́kù lórí x86 lè jẹ́ ọ̀pá tí òmíràn fara tì. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ kẹ́nẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú allmodconfig àti allyesconfig, tó ń tan èyí tó pọ̀ jù nínú kóòdù sílẹ̀, fún pírósẹ́sọ̀ oríṣiríṣi, kí a tó sọ pé kò sẹ́ni tó ń pè é. Bí a bá ti mọ gbogbo wọn, a ó kó wọn lọ sí ọ̀nà tuntun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yíyọ ló máa kẹ́yìn, nínú àtúnṣe tirẹ̀, kí kẹ́nẹ́ẹ̀lì lè máa ṣeé kọ́ láìsí àṣìṣe ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Linux kò ṣe ìlérí fún mọ́dúùlù ìta pé fọ́ńṣọ̀n inú kẹ́nẹ́ẹ̀lì yóò wà títí láé. Greg Kroah-Hartman ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nínú ìwé tó ń bá kẹ́nẹ́ẹ̀lì rìn. Ìlérí tó wà ni ti prógíráàmù lásán: èyí kò gbọdọ̀ bàjẹ́. Àìsí ìlérí àkọ́kọ́ ló jẹ́ kí ìmọ́tótó yìí ṣeé ṣe rárá.

Ìṣọ́ra ńlá wà níbi kíkó ohun tó jọra pọ̀. Fọ́ńṣọ̀n méjì lè jọra kí iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀. set_memory_ro lórí x86 ń nu TLB. Ṣùgbọ́n set_direct_map_invalid_noflush, tí òun náà ń yí ìyọ̀ǹda padà, kì í nù ún, ẹni tó bá pè é ni yóò ṣe é nígbà tó bá tó àkókò. Ẹni tó bá fi ọ̀kan rọ́pò ìkejì torí pé wọ́n jọra lójú, ó ti dá ihò tuntun sílẹ̀ lórúkọ ìmọ́tótó.

Ọ̀rọ̀ èsì tún wà. Nítorí pé fífọ́ ojú-ewé ńlá ń gba mẹ́mórì, set_memory_ro lè kùnà, yóò sì dá nọ́ńbà àṣìṣe padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ń pè é kì í wo nọ́ńbà náà. Wọ́n gbà pé ààbò ti wà, kó má sì sí. Lọ́dún 2024, Christophe Leroy mú kí BPF àti kóòdù tó ń gba mọ́dúùlù wọlé máa wò ó, kí wọ́n sì kọ̀ bí ààbò kò bá wọlé. Bẹ́ẹ̀ sì ni, lórí pírósẹ́sọ̀ tí kò ní irú ààbò yìí, ẹ̀dà set_memory_ro tó ṣófo ló wà, tó ń dá 0 padà, ìyẹn àṣeyọrí, láìṣe ohunkóhun. Ẹni tó bá ń tún ibẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ń bá lò.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, a ó dán an wò. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì ní mọ́dúùlù kan, lkdtm, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin: WRITE_RO ń gbìyànjú láti kọ nǹkan sí dátà tó jẹ́ kíkà nìkan, WRITE_KERN ń gbìyànjú láti kọ nǹkan sí kóòdù, EXEC_DATA ń gbìyànjú láti mú dátà ṣiṣẹ́. Bí kẹ́nẹ́ẹ̀lì kò bá dá wọn dúró, àtúnṣe wa kò dára. Àṣàyàn DEBUG_WX sì ń gba inú gbogbo ìwé atọ́ka kọjá nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn, láti sọ fún wa bí ojú-ewé kankan bá wà tí a lè kọ tí a sì lè mú ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ kóòdù, ẹ má rò pé fífi nǹkan kún un nìkan ni iṣẹ́. Linux ń gba àtúnṣe láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ í-meèlì, tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìlà Signed-off-by. Ẹ ṣí fáìlì arch/x86/mm/pat/set_memory.c, ẹ kà á láti òkè dé ilẹ̀, kí ẹ sì wá ẹni tó ń pe fọ́ńṣọ̀n kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí èyí tí kò sí ẹni tó ń pè é lórí pírósẹ́sọ̀ kankan, ẹ kọ àtúnṣe tó máa yọ ọ́, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́.